Àmín Tí Mo Fi Sí I Lọ́wọ́

Apá mi ọ̀tún ni ó kọ́kọ́ sọ fún mi pé mo ti ń darúgbó. Kì í ṣe irun, kì í ṣe ojú. Tí mo bá ti fi ọwọ́ túmọ̀ ìwàásù fún adití fún bíi wákàtí kan, láti èjìká títí dé ọmọńdinrín á bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, tó bá sì fi máa di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, mi ò ní lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná. Ọkọ mi a fi òrí gbígbóná wọ́ ọ fún mi, a sì bi mí pé ṣé kò sí ògbufọ̀ mìíràn ní gbogbo Abuja ni. Mo máa ń sọ fún un pé wọ́n wà. Wọn ò pọ̀ ni, àwọn tó sì wà, ó ti rẹ àwọn náà.

Iṣẹ́ tí à ń ṣe kò ní orúkọ ńlá. Àwa márùn-ún kan ni, òṣìṣẹ́ ìjọba ni gbogbo wa àfi ẹnì kan, tí a máa ń lọ láti ìjọ dé ìjọ ní ọjọ́ Sátidé, tí a ń bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn àkàndá ẹ̀dá rí ọ̀nà wọlé, kí wọ́n rí ibi jókòó sí, kí wọ́n sì mọ ohun tí à ń sọ níbẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ ni, ẹ̀bẹ̀ sì máa ń rẹ ènìyàn ju iṣẹ́ oko lọ. Ní ìjọ kan ní Apo, wọ́n dá wa lóhùn pé àwọn kò ní àkàndá ẹ̀dá kankan láàrin àwọn, pé kí ni àwọn fẹ́ fi ọ̀nà gẹ̀rẹ́ tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gùn ṣe. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá ló wà lẹ́nu ọ̀nà ìjọ yẹn. Mo kà á bí mo ṣe ń gùn ún, mo tún kà á bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ibòmíràn, wọn a gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọn a fún wa ní mínírà tútù àti bisikíìtì, wọn a gbàdúrà fún wa, wọn a sìn wá dé ìdí ọkọ̀, a ò sì ní gbúròó wọn mọ́. Mo ti jẹ bisikíìtì ilé Ọlọ́run jù ní ìlú yìí.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọ kan ní Lokogoma gbà wá láàyè, inú mi dùn ju bó ti yẹ lọ. Àwọn Yorùbá ló dá ìjọ náà sílẹ̀, láàrin àwọn ẹ́sítéètì tó kún àdúgbò náà. Wọ́n gbé àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ kí n máa dúró lé e, wọ́n so gílóòbù kan sókè orí mi kí ọwọ́ mi lè máa hàn, wọ́n sì fi ìlà àkọ́kọ́ lápá òsì sílẹ̀ fún àwọn adití. Nyanya ni mo ń gbé. Láti Nyanya dé Lokogoma kì í ṣe ìrìn kékeré, pàápàá fún ọkọ̀ mi tó mọ ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ní Apo ju bó ti mọ ilé lọ. Síbẹ̀ mo lọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún mẹ́ta.

Pásítọ̀ ìjọ náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo fẹ́ kí n tètè sọ èyí, nítorí tí mo bá sọ ìyókù tán, ẹ lè má gbà á gbọ́ mọ́. Mo tó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lóhùn, ó lọ́yàyà, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi máa ń gbé àga fún àwọn arúgbó tí àwọn ọ́ṣà bá gbàgbé. Òun ló bá àwọn àgbà ìjọ jà kí wọ́n tó gbà pé kí n gun àpótí yẹn. Àwọn kan ní ọwọ́ mi yóò máa fa ojú ìjọ kúrò lára ìwàásù. Ó dá wọn lóhùn pé tí ọwọ́ obìnrin kan bá lè gba ìwàásù lọ́wọ́ òun, a jẹ́ pé ìwàásù náà kò dára tó.

Adití mẹ́ta ló kọ́kọ́ ń wá. Wọ́n gbé ọ̀kan lọ sí Kàdúná lẹ́nu iṣẹ́. Èkejì rí ìjọ àwọn adití kan tí pásítọ̀ fúnra rẹ̀ ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ, mi ò dá a lẹ́bi. Ó wá ku obìnrin kan ṣoṣo.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì. Akọ̀wé ni ní ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí ni wọ́n fi í sí, nítorí wọ́n gbà pé fáìlì kì í sọ̀rọ̀. Ibà kan ló gba etí rẹ̀ nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta. Ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití tí wọ́n mú un lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ìwé, nítorí náà ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì bí ẹní mumi, ṣùgbọ́n kò lè ka Yorùbá, kò sì lè wo ẹnu ẹni tó ń sọ ọ́ kó mọ ohun tó ń wí. Ìsìn Lokogoma sì rèé, Yorùbá ni látòkè délẹ̀, pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀díẹ̀ tí pásítọ̀ máa ń bù sí i. Ohun gbogbo tí obìnrin yìí mọ̀ nípa ìjọ náà, ọwọ́ mi ló ti mọ̀ ọ́n.

Ohun tó ń wá kò ju ẹyọ kan lọ. Ó fẹ́ ìjọ tí òun kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ìjọ mẹ́rin ló ti fi sílẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọjọ́ kejì tí a mọ ara wa, ó sọ fún mi pé tí èyí náà bá já òun kulẹ̀, òun kò ní wá òmíràn mọ́, òun á máa jókòó sílé òun lọ́jọ́ Ìsinmi, òun á máa ka Bíbélì òun. Ó sọ ọ́ láìbínú, bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo pinnu lọ́kàn mi pé ìjọ yìí kò ní já a kulẹ̀, ìjọ náà ì báà fẹ́, ì báà kọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe di ògbufọ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Àbúrò tó tẹ̀ lé mi, adití ni. Kí n tó lọ kọ́ èdè ọwọ́ ní kíláàsì rárá ni mo ti ń túmọ̀ fún un nílé bàbá wa, pẹ̀lú àwọn àmì tí èmi àti òun jọ ṣẹ̀dá. Bàbá wa kì í yọ eegun inú ọ̀rọ̀ kó tó sọ ọ́. Tí inú bá ń bí i, á ní kí n sọ fún odi yẹn pé kó kúrò níwájú òun. Màá yíjú sí àbúrò mi, màá fi ọwọ́ sọ fún un pé Bàbá ní kó lọ jẹun. Àbúrò mi á rẹ́rìn-ín, á lọ jẹun, ilé á sì tòrò. Ní ọjọ́ kan, màmá wa rí mi. Ó pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Mo ti fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, mo rò pé ìgbájú ló fẹ́ fún mi, àfi bó ṣe ní mo ṣe é dáadáa. Ó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà yẹn. Mo mú òwe náà dání kúrò nílé, mo sì ń lò ó títí irun mi fi funfun.

Àbúrò mi ti ṣaláìsí. Ó kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé Bàbá fẹ́ràn òun gan-an. Ìtùnú ni èyí jẹ́ fún mi fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní Lokogoma, nǹkan kéékèèké ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tí pásítọ̀ bá fẹ́ bá ìjọ wí, á ní adití ni wọ́n, pé wọn ò gbọ́ràn. Màá fi ọwọ́ sọ pé olóríkunkun ni wọ́n. Tí akọ̀wé ìjọ bá ń ka ìkéde, tó ní kí ìjọ bá òun yọ̀ pé àwọn odi pàápàá ń wá sí ilé Ọlọ́run, tí gbogbo ìjọ yíjú wò ó tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, màá sọ pé wọ́n ń kí i káàbọ̀. Ṣé irọ́ ni? Mo máa ń sọ fún ara mi pé kì í ṣe irọ́, ohun tó yẹ kí wọ́n sọ ni.

Ní ọjọ́ kan, obìnrin kan dìde jẹ́rìí. Ó ní orúnkún ló ń dun òun láti ọjọ́ pípẹ́, tí òun sì ti ń ráhùn sí Ọlọ́run, àfi ìgbà tí òun gbójú sókè tí òun rí ọmọbìnrin tó jókòó ní ìlà iwájú yìí, tí òun sì rí i pé tòun kò tíì burú. Ó ní láti ọjọ́ náà ni òun ti ń dúpẹ́. Èmi fi ọwọ́ sọ pé orúnkún ń dùn ún tẹ́lẹ̀, ó sì ti ń dúpẹ́ báyìí. Inú obìnrin adití mi yìí dùn. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń mì wọ́n bí àwọn adití ṣe máa ń pàtẹ́wọ́, ó ń bá a yọ̀. Ẹni tó ń jẹ́rìí rí i, ó bú sẹ́kún. Gbogbo ìjọ ní Halelúyà. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí àpótí mi, mo lọ mumi, mo sì padà wá.

Lẹ́yìn ọdún kan, ó ní òun fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi. Ó mọ àwòrán yà. Ó ti ya ìtàn Bíbélì bíi mẹ́wàá sórí páálí, ó kó wọn wá hàn mí, ọkọ̀ Nóà pẹ̀lú ìjàpá kan tó ń fi ìrọ̀rùn rìn lẹ́yìn gbogbo ẹranko. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi. Ọ̀kan bi mí pé ṣé ọwọ́ ni yóò fi máa kọ orin fún wọn ni. Òmíràn ní àwọn ọmọdé máa ń sín ènìyàn jẹ, pé tí wọ́n bá délé tí wọ́n ń ṣe bíi tirẹ̀, kí ni àwọn yóò sọ fún àwọn òbí wọn? Wọ́n ní kí n bá àwọn fi ọgbọ́n sọ fún un. Mo fi ọgbọ́n sọ fún un. Mo ní àwọn olùkọ́ ti pé, kó ní sùúrù di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tí ọdún náà pé, ó bi mí, mo tún ní kó ní sùúrù. Ó ní kò burú, òun á ya púpọ̀ sí i kó tó di ìgbà náà.

Ẹ wò ó, mi ò sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n mo ní ìdáhùn sílẹ̀ fún ẹ̀rí ọkàn mi. Mo ní ṣebí ó ń wá. Ṣebí kò tíì fi ìjọ sílẹ̀. Ìjọ mélòó ní Abuja ló ní adití tó ń wá déédéé fún ọdún méjì? Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ náà tilẹ̀ máa ń mẹ́nu ba Lokogoma tí a bá dé ìjọ mìíràn. Wọ́n ní ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó bímọ. Ọkọ rẹ̀, adití ni òun náà, kì í ṣe Yorùbá, ìjọ tirẹ̀ ló sì ń lọ ní Nyanya. Nígbà tí ọmọ pé ogójì ọjọ́, ó ní Lokogoma ni òun fẹ́ gbé e lọ síwájú pẹpẹ, pé ibẹ̀ ni ilé òun. Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ bá a wá, ọkọ̀ méjì, pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀ tó dé fìlà aláwọ̀ osùn bí ọkùnrin. Nítorí tiwọn, pásítọ̀ ní òun yóò fi Gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà, kí àwọn àlejò lè bá wa ṣe Àmín.

Ó gba ọmọ náà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó gbé e sókè. Ó ní kí Olúwa dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. A ní Àmín. Ó ní kí Olúwa la etí rẹ̀ títí ayé. Títí ibẹ̀, kò burú. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ lọ sókè bó ṣe máa ń lọ tí ẹ̀mí bá gbé e. Ó ní ọmọ yìí kò ní dà bí ìyá rẹ̀. Kò ní dà bí bàbá rẹ̀. Ègún tó pa àwọn òbí rẹ̀ lẹ́nu mọ́, orí rẹ̀ ni yóò ti dópin. Ìjọ ní Àmín, ó ròkè débi pé mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ìyá ọmọ ń wò mí. Kò wo pásítọ̀, kò wo ọmọ, èmi ló ń wò, nítorí ọ̀dọ̀ mi ni àdúrà ọmọ rẹ̀ ti ń bọ̀. Mo ronú fún ìwọ̀n ìgbà tí ènìyàn fi ń mí ẹ̀ẹ̀kan. Mo wá fi ọwọ́ sọ pé ọmọ yìí yóò dà bí ìyá rẹ̀. Yóò dà bí bàbá rẹ̀. Ìbùkún tó wà lórí àwọn òbí rẹ̀ yóò pọ̀ sí i lórí tirẹ̀. Mo ṣe Àmín. Ọkọ rẹ̀ ṣe Àmín. Òun ṣe tirẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ ga, omi ń dà lójú rẹ̀, gbogbo ìjọ sì ń wò ó pẹ̀lú àánú.

Ká sọ tòótọ́, inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Mo ń kọrin nínú ọkọ̀ láti Lokogoma dé Nyanya. Mo rò pé nínú àdúrà méjèèjì, tèmi ni Ọlọ́run mú.

Ohun tí mi ò rò mọ́ ọn ni ayélujára. Láti bí ọdún kan ni ìjọ náà ti ń gbé ìsìn wọn síbẹ̀. Ẹ̀rọ ibẹ̀ máa ń gbìyànjú láti kọ ohun tó bá gbọ́ sí ìsàlẹ̀ fídíò. Tó bá gbọ́ Yorùbá, jágbajàgba ló máa ń kọ, nítorí náà obìnrin yìí kì í yà sí i. Ṣùgbọ́n èyí jẹ́ fídíò ọmọ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì ni.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìn náà nígbà tó wá bá mi níbi iṣẹ́. Ọ̀sán ni. Ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà sìn ín wọlé, ó ń fi Hausa kí i ní sànnu, sànnu, ó ń fi ọwọ́ júwe ọ̀nà fún un. Mo dìde láti gba ọmọ, kò sọ ọ́ kalẹ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì mi, láàrin àwọn fáìlì, ó tẹ fídíò náà, ó sì fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Mo kà á. Gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò tilẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ kan kọ.

Ó bi mí pé ṣé ohun tó sọ nìyí.

Mo ní ẹ̀rọ máa ń ṣàṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú ewú orí mi, ohun tó kọ́kọ́ ti ọwọ́ mi jáde nìyẹn. Ó tún bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó sọ nìyẹn.

Ó dá fídíò náà padà díẹ̀, ó dá a dúró níbi tí ojú tirẹ̀ ti hàn, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lókè. Ó ní, “Àǹtí, ẹ wo ọwọ́ mi. Wọ́n ń pe èmi àti ọkọ mi ní ègún lórí ọmọ wa, ẹ sì fi Àmín sí mi lọ́wọ́.”

Mo ṣàlàyé. Mo ní nítorí kí ọkàn rẹ̀ má bàa bàjẹ́ ni, kó má bàa fi ìjọ sílẹ̀ ni. Mo fẹ́ sọ òwe màmá mi fún un, mo rí i pé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ pa á. Ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí obìnrin yẹn ń jẹ́rìí ńkọ́, kí ló sọ? Mo sọ fún un. Ọjọ́ tí gbogbo ìjọ yíjú wo òun tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín ńkọ́? Mo sọ fún un. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ńkọ́? Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ dúró. Ó tẹ ìka mọ́ tábìlì, ó ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé ńkọ́, Àǹtí? Mo sọ fún un. Mo sọ ti orin, mo sọ ti ọmọdé tó ń sín ènìyàn jẹ. Ọdún mẹ́ta ni mo kó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Kò sunkún. Ì bá dára kó sunkún.

Ó ní, “Mo rò pé mo ti rí ìjọ. Àṣé ẹ̀yin nìkan ni mo rí.”

Ọkọ rẹ̀ ti ní kí wọ́n má débẹ̀ mọ́. Òun ní rárá, òun fẹ́ rí pásítọ̀ kí òun tó pinnu ohun tí òun yóò ṣe. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ ní Sátidé, kí n sì sọ gbogbo ohun tí òun bá sọ, kí n sọ gbogbo ohun tí pásítọ̀ bá sọ, láìyọ, láìfikún. Ó bi mí bóyá mo lè ṣe é. Ìbéèrè náà dùn mí, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí mi.

Pásítọ̀ gbà wá pẹ̀lú ayọ̀ nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Ó fẹ́ gbé ọmọ náà. Ìyá ọmọ kò gbé e fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, èmi sì ń fi ẹnu sọ ọ́, bí ògbufọ̀ ṣe ń ṣe, pé “mo” ni, kì í ṣe “ó ní”. Mo ní, “Pásítọ̀, ẹ gbàdúrà pé kí ọmọ mi má dà bí mi. Mo ṣe Àmín sí i, nítorí ohun mìíràn ni wọ́n sọ fún mi. Mo gba Àmín mi padà.”

Ẹnu mi fẹ́ fi “ẹ jọ̀ọ́ sà” sí i. Mo gé e mọ́ eyín.

Ó pẹ́ kó tó yé pásítọ̀ pé kì í ṣe èmi ni mò ń bá a jà. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó ní àdúrà rere ni òun gbà, pé òbí wo ni kò ní fẹ́ kí ọmọ òun sàn ju òun lọ. Ó sọ ọ́ tọkàntọkàn. Mo túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ìyá ọmọ dá a lóhùn pé, “Kó sàn jù mí lọ, Àmín. Kó má dà bí mi, rárá.”

Pásítọ̀ súnmọ́ mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé obìnrin náà lè gbọ́. Ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun pẹ̀tù sí i, pé mo mọ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún un. Mo yíjú sí obìnrin náà, mo fi ọwọ́ sọ pé pásítọ̀ ní kí n pẹ̀tù sí ọ, ó ní mo mọ bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fún ọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kékeré kan ni, kò sì dùn mọ́ mi.

Pásítọ̀ bi mí pé ṣé mo sọ ìyẹn náà fún un ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni mo wá ti ń sọ fún un láti ọdún mẹ́ta. Mo jẹ́wọ́ lójú àwọn méjèèjì, mo ń fi ẹnu sọ ọ́, mo ń fi ọwọ́ sọ ọ́. Nígbà tí mo parí, pásítọ̀ fi ẹ̀yìn ti àga, ó wá sọ ohun tí mi ò rò pé ó lè sọ. Ó ní, “Mà, ká ní ẹ ti jẹ́ kó dùn ún ní ọdún àkọ́kọ́ ni, ì bá ti wá bá mi jà nígbà náà. Ǹ bá ti mọ̀. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń wò ó tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ọ̀rọ̀ mi, mo rò pé mò ń ṣe dáadáa.”

Mo túmọ̀ èyí náà. Ọwọ́ mi wúwo. Iṣẹ́ tí mò ń bẹ gbogbo ìjọ Abuja pé kí wọ́n gbà ṣe, pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ènìyàn yìí wọlé, èmi ni mo dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Kò sí àgbà ìjọ tó mọ ìwà ara rẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ó dun òun. Mo fi ọ̀rọ̀ dídùn dínà mọ́ obìnrin náà àti ìjọ.

Pásítọ̀ kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ fún yín mọ́. Ó ní òun yóò rò ó. Ó bi í bóyá yóò ṣì máa wá. Obìnrin náà ní òun yóò máa wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti jókòó. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n pe àwọn àgbà ìjọ jọ, kí wọ́n sọ fún òun lójú òun ìdí tí òun kò fi lè kọ́ àwọn ọmọdé. Pásítọ̀ kọ ọjọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Nígbà tí a jáde, oòrùn mú. Mo ní kó wọ ọkọ̀ mi kí n gbé e dé ilé. Mo bi í aago mélòó ni kí n dé lọ́jọ́ ìpàdé yẹn, mo ní tó bá di ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú, màá tètè dé kí n lè tún gílóòbù orí àpótí ṣe. Ó mi orí. Ó ní òun ti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ ìpàdé, ọkùnrin kan tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ìjọ náà. Ní ti ọjọ́ Ìsinmi, ó ní kí n máa sinmi. Ó ní ohun tí fóònù òun bá gbọ́ tó sì kọ ni òun yóò máa kà. Ara mi sọ̀ kalẹ̀ wọ̀ọ̀, bí ìgbà tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí ẹni, ojú sì tì mí pé ara mi sọ̀.

Síbẹ̀ mi ò lè panu mọ́. Mo ní kò ní ṣe é, mo ní pásítọ̀ kò lè sọ Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó má bọ́ sínú Yorùbá, pé tó bá ti bọ́ síbẹ̀, jágbajàgba ni fóònù yóò máa kọ fún un.

Ó tún ọmọ pọ̀n, ó so ọ̀já rẹ̀ le, kí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lè ráyè sọ̀rọ̀. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà máa ń ṣàṣìṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣàánú òun.